Télọ̀ Tó Fi Ojú Ara Rẹ̀ Pamọ́ Kí Ọjà Rẹ̀ Lè Tà

Bí máṣíìnì tó ń sáré bá ń rán aṣọ tó nípọn, irú aṣọ wúùlù tí wọ́n fi ń rán kóòtù, abẹ́rẹ́ á gbóná. Ooru ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Òwú á máa já, nígbà míì ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà á jó, oníbàárà á sì ní ẹ ti ba aṣọ òun jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, àbẹ́là la máa ń fà sójú ibi tá a fẹ́ rán bó bá jẹ́ jíìnsì, kí abẹ́rẹ́ lè yọ̀ kọjá. A ò ro nǹkan kan kọjá ìyẹn. Àmọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà ní ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, télọ̀ ni, ó tún máa ń tún máṣíìnì ṣe, òun náà jókòó ti ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gbígbóná yìí. Ibi tó bá ọ̀rọ̀ náà dé ló mú mi kọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí.

Garrett Morgan ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1877 ni wọ́n bí i ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Paris, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Kò tíì ju ọdún méjìlá lọ nígbà yẹn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, inú oko ẹrú ọ̀hún sì làwọn òbí rẹ̀ ti jáde. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n bí, òun ni ìkeje. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó kúrò nílé, ó forí lé ìlú Cincinnati, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti bà ló ń ṣe níbẹ̀. Nínú owó táṣẹ́rẹ́ tó ń rí yẹn ló ti ń yọ owó olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọ ní gírámà. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn rẹ̀ gan-an. Ọmọdé tí kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn, àmọ́ tó ti mọ̀ pé ó yẹ kóun lè kọ lẹ́tà tó já gaara sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fojú di òun.

Ọdún 1895 ló dé Cleveland, ìlú ńlá kan létí adágún omi tí wọ́n ń pè ní Erie. Ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ, ó ń gbálẹ̀, ó ń ṣe oríṣiríṣi, títí ó fi di ẹni tí wọ́n ń pè bí máṣíìnì bá kọṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rí mọ bẹ́líìtì aláwọ tó ń yí wíìlì. Wáyà kékeré kan ni wọ́n fi ń há ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí wáyà yẹn bá já, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ẹ máa wá fi ẹnu ẹ̀mú fún un títí. Morgan ṣe ohun kan tó ń di bẹ́líìtì máṣíìnì mú kó má bàa máa já. Èyí ni ìhùmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò rán aṣọ rí lè má ka nǹkan báyìí sí, ṣùgbọ́n ẹni tí bẹ́líìtì ti já mọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọdún Iléyá mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní 1907 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ń ta máṣíìnì, ó ń tún un ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló gbé Mary Hassek níyàwó, obìnrin òyìnbó tó wá láti Yúróòpù, tóun náà mọ aṣọ rán. Ẹ fojú inú wò ó, aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó, ní Amẹ́ríkà, ní 1908! Nígbà tó fi máa di 1909, wọ́n ti ní ilé ìránṣọ tó ní òṣìṣẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Kóòtù, súùtù àti aṣọ obìnrin ni wọ́n ń rán níbẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti wọlé. Morgan ń wá ohun olómi kan tí yóò máa fi pa abẹ́rẹ́ kó má bàa jó aṣọ wúùlù. Lọ́jọ́ kan tó ń pò ó, wọ́n pè é fún oúnjẹ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ onírun kan tó wà nítòsí. Nígbà tó padà dé, irun aṣọ náà, tó lọ́ tẹ́lẹ̀, ti nà gbọnrangandan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó yá ajá aládùúgbò rẹ̀, ajá onírun lílọ́, ó fi pa á lára, irun ajá náà nà débi pé olówó ajá ò fẹ́ gbà pé ajá òun ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi díẹ̀ sí orí ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi pa gbogbo orí rẹ̀. Nígbà tó di 1913, ó ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ta ìpara tó ń na irun, pa pọ̀ pẹ̀lú aró irun àti kóòmù. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ mọ oorun rìláásà dáadáa, ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ṣòwò. Owó tó rí nídìí irun ló sì ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tó ṣe lórí ohun tí panápaná ń wọ̀ wọnú èéfín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iná kan.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1911, ilé ìránṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Triangle jóná ní ìlú New York. Àjà kẹjọ sí ìkẹwàá ló wà. Èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́jọ (146) ló kú, àwọn ọmọbìnrin aránṣọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn àlejò tó wá láti Ítálì àti àwọn Júù láti Ìlà Oòrùn Yúróòpù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan pa, kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa jí aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ́ láti ojú fèrèsé. Mo máa ń ronú nípa wọn tó bá di àsìkò ọdún, táwọn ọmọ iṣẹ́ bá ń sun ṣọ́ọ̀bù kí aṣọ oníbàárà lè parí. Nínú ọjà wa, àwọn ọ̀gá kan á tì wọ́n mọ́ ilé, wọ́n á fi àgádágodo há irin ẹnu ọ̀nà látìta, jẹnẹrétọ̀ á sì máa rọ́ ní kọ̀rọ̀ kan nínú ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ síta, kó jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ pé iná jó rárá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ti Triangle, Morgan kọ̀wé sí ìjọba pé òun ti ṣe ohun kan tí panápaná lè wọ̀ wọnú èéfín. Ohun tó ṣe kò ṣòro láti yé èèyàn. Èéfín iná gbóná, ohun tó bá sì gbóná nínú afẹ́fẹ́ máa ń gòkè. Bí yàrá bá ń jó, òkè àjà ni èéfín á ti kọ́kọ́ kún, afẹ́fẹ́ tó ṣì ṣeé mí á wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ó ṣe ìbòrí kan tó bo orí látòkè dé èjìká, tó ní ojú tí wọ́n lè fi ríran. Ó so túùbù gígùn méjì mọ́ ọn, wọ́n gba abẹ́ apá lọ sẹ́yìn, wọ́n sì wọ́ dé ilẹ̀, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè máa mí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bó tiẹ̀ dúró lórí ìdúró. Ó fi kànìnkàn tí wọ́n ti rẹ sínú omi sí ẹnu túùbù náà. Kànìnkàn yẹn ló ń sẹ́ èéfín, tó sì ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù kó tó dénú. Èémí téèyàn mí síta sì ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. (Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún èmi àtẹ̀yin tí ò ní ìbòrí kankan nìyí: bí èéfín bá ká yín mọ́lé, ẹ má dúró lórí ìdúró, ẹ fi aṣọ tútù bo imú, kẹ́ ẹ sì fà nílẹ̀ jáde.)

Ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1914. Lọ́dún yẹn kan náà, ìbòrí yìí gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi ìpàtẹ kan nípa ààbò ní New York. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tà á fún àwọn panápaná jákèjádò Amẹ́ríkà. Ọjà ti délẹ̀. Ojú ẹni tó ṣe é ló kù tó jẹ́ ìṣòro. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù pàápàá, òfin fúnra rẹ̀ ló ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú ọkọ̀, nílé ìwé àti nílé oúnjẹ. Ọ̀gá panápaná wo ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló máa ra ohun tó máa fi ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ lé lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọlé gba ẹnu ọ̀nà iwájú?

Ohun tí Morgan wá ṣe nìyí. Ó háyà òyìnbó kan, Charles Salan, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìlú ní Cleveland, pé kó máa dúró níwájú èrò bí ẹni tó ni ọjà. Morgan fúnra rẹ̀ á wá múra bí Ìńdíà, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n á sì máa pè é ní "Big Chief Mason", pé ó wá láti abúlé Walpole ní Kánádà. Ní oṣù Kẹwàá 1914, wọ́n pa àgọ́ kan ní New Orleans. Wọ́n dáná sínú rẹ̀, wọ́n da ọ̀dà, imí-ọjọ́, fọ́málíìnì àti ìgbẹ́ ẹran sí i, títí èéfín tó ń jáde níbẹ̀ fi dúdú kirikiri. "Ìńdíà" wa gbé ìbòrí wọ̀, ó wọnú àgọ́, ó lò tó bí ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, ó sì jáde láìfarapa. Ìwé ìròyìn ìlú náà ròyìn rẹ̀. Èrò pàtẹ́wọ́ fún Salan.

Ó ń dùn mí fún un. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ tó báyìí ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nínú èéfín, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n sì ń yìn. Àwa tá a ń ránṣọ nílẹ̀ yìí mọ èyí tó kéré nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta aṣọ wá bá mi rí, ó ní kí n rán ṣẹ́ẹ̀tì fún òun, mo sì rán an. Ó wo ojú rírán rẹ̀, ó wo ọrùn, ó yí kọ́fù síta yẹ̀ wò, ó yìn ín. Ó wá mú lébẹ́ẹ̀lì jáde nínú ọ̀rá, orúkọ ìlú kan ní Yúróòpù ló wà lára rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi gán èyí sọ́rùn rẹ̀. Tí wọ́n bá mọ̀ pé Mọ́kọ́lá lẹ ti rán an, ta ló máa san owó tí mo fẹ́ pè?" Mi ò bínú sí i, nítorí òótọ́ ọjà ló sọ. Ṣẹ́ẹ̀tì mi dára lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ni kò fẹ́. Mo gba owó iṣẹ́ mi, mo mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì yẹn, mi ò bá a gán an.

Ọ̀rọ̀ Morgan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Ní oṣù Keje ọdún 1916, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ihò gígùn kan lábẹ́ adágún Erie. Omi etí adágún ti dọ̀tí, Cleveland sì fẹ́ máa fa omi mímu láti ọ̀nà jíjìn láàárín agbami. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù náà, wọ́n kan gáàsì tó wà nínú ilẹ̀, ó sì bú gbàù. Èéfín àti gáàsì gba inú ihò náà kan. Àwọn tó kọ́kọ́ sáré wọlé láti yọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ò jáde mọ́. Àwọn kejì wọlé, gáàsì tún dá wọn dùbúlẹ̀.

Ẹnì kan rántí ọkùnrin tó ń fi ìbòrí hàn kiri. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago ní ọ̀gànjọ́ òru. Morgan ò tiẹ̀ dúró pààrọ̀ aṣọ, pijámà tó fi ń sùn ló wọ̀ jáde. Ó pe Frank arákùnrin rẹ̀, wọ́n kó ìbòrí sínú ọkọ̀, ó di etí omi. Àwọn tó wà níbẹ̀ wo ìbòrí aṣọ tó ní túùbù gọ́rọ́gọ́rọ́ yìí, ẹ̀rù bà wọ́n láti fi ẹ̀mí wọn tẹ̀ lé e. Morgan àti Frank wọ tiwọn, àwọn méjì míì dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn biribiri yẹn. Ó lọ, ó bọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n gbé èèyàn méjì jáde láàyè, wọ́n sì gbé òkú àwọn míì jáde kí ẹbí wọn lè rí wọn sin. Bí àwọn kan ṣe rí i pé ó ń jáde láàyè ni wọ́n tó wá gbé ìbòrí wọ̀.

Ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ohun tó tọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá ti dópin sórí ìyìn. Àmọ́ ìwé ìròyìn púpọ̀ ò dárúkọ rẹ̀. Àjọ Carnegie, tó máa ń fún akọni ní àmì ẹ̀yẹ, fún àwọn míì tó ṣe iṣẹ́ ìgbàlà níbẹ̀, wọ́n fo Morgan. Ní 1917 ó kọ lẹ́tà sí olórí ìlú, Harry L. Davis, ó sì sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ṣe é. Gírámà tó fowó kékeré kọ́ ní Cincinnati ṣiṣẹ́ fún un lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará ìlú kan, láàárín ara wọn, kówó jọ, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà tí wọ́n to dáyámọ́ǹdì sí.

Èyí tó tún burú jù ni pé ìròyìn ihò náà gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Àwọn ìlú kan ní Gúúsù tó ti ń ra ìbòrí yìí rí i báyìí pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe é, wọ́n sì fagi lé ọjà tí wọ́n ti ní kó kó wá. Mo ti gbìyànjú láti wo ọ̀rọ̀ yìí lójú ọ̀gá panápaná yẹn, kò yé mi títí dòní. Ìbòrí ọ̀hún ò tíì yí padà. Àgọ́ tí wọ́n fi dán an wò lójú wọn kò parọ́. Àwọn ọmọ wọn ló máa wọnú èéfín láìní ohunkóhun lójú, síbẹ̀ wọ́n ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Iná tráfíìkì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Morgan, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé iná tráfíìkì kan tó ń lo gáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1868. Ní Cleveland tí Morgan ń gbé gan-an, wọ́n gbé iná tráfíìkì tó ń lo mànàmáná sí ìkóríta kan lójú pópó Euclid ní oṣù Kẹjọ 1914. Èyí tí Morgan gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1923 jẹ́ òpó tó ní apá, tí ọlọ́pàá ń fọwọ́ yí. Apá náà á ní kí àwọn kan dúró, kí àwọn kan lọ. Ohun pàtàkì tó wà lára rẹ̀ ni àyè kẹta, tí apá náà á dá gbogbo ẹ̀gbẹ́ dúró fúngbà díẹ̀, kí ọkọ̀ tó ti wọ ìkóríta lè jáde, kí ẹlẹ́sẹ̀ sì lè sọdá. Wọ́n ní ìjàǹbá ọkọ̀ kan tó ṣojú rẹ̀ ló mú un ronú kan èyí. Bákan náà, kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe ohun tí panápaná fi ń mí nínú èéfín. John Tyndall ti ṣe ọ̀kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú kí wọ́n tó bí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àsọdùn ran Morgan lọ́wọ́, kò nílò rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ á rí ibi dì mú tí a bá fi irọ́ kún un. Òótọ́ tó ṣe lábẹ́ adágún Erie nìkan tó láti gbé orúkọ rẹ̀ dúró.

Kò fi ìbínú jókòó. Ó wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn Cleveland Call sílẹ̀ ní 1920, kí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú lè máa jáde láti ẹnu aláwọ̀ dúdú. Nítorí pé àwọn òyìnbó ò jẹ́ kí wọ́n wọ ibi ìgbafẹ́ tiwọn, ó ra oko kan nítòsí ìlú Wakeman, ó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Ó díje fún ìgbìmọ̀ ìlú ní 1931, kò wọlé. Nígbà tó dàgbà, glaucoma, àìsàn ojú tó ń fọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lójú nílẹ̀ wa náà, gba ìríran rẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀ ní Chicago ní oṣù Kẹjọ 1963, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìtúsílẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Ó kú kó tó di ọjọ́ náà, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ní 1991, ìlú Cleveland fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ kan. Omi adágún Erie ni wọ́n ń sẹ́ níbẹ̀ fún àwọn ará ìlú láti mu.

Ẹ̀yin télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, lébẹ́ẹ̀lì ò wọ́n. Ẹ lọ ṣe èyí tó ní orúkọ yín àti àdúgbò yín lára, kẹ́ ẹ máa gán an sọ́rùn aṣọ tẹ́ ẹ bá rán. Ẹ̀yin oníbàárà wa náà, bẹ́ ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ní ká tú u.